Tábìlì Ẹ̀gbẹ́ Ògiri: Ọjọ́ Tí Hattie McDaniel Gba Oscar

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé ọdún 1940, irú ọjọ́ tí kì í yọjú àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Los Angeles, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Èkó, ọ̀sán ti pọ́n, aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ogun Hitler ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí iná ilé rẹ̀ hàn síta lálẹ́. Los Angeles ní tirẹ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni jagun. Fíìmù ni ìlú náà ń jẹ, fíìmù ló ń mu, ọ̀rọ̀ àsè alẹ́ ọjọ́ náà ló sì gba gbogbo ẹnu.

Àsè àmì-ẹ̀yẹ Oscar ni, ìkejìlá irú rẹ̀. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n dárúkọ fún àmì-ẹ̀yẹ obìnrin tó ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olú-òṣèré jù lọ: Olivia de Havilland, Geraldine Fitzgerald, Edna May Oliver, Maria Ouspenskaya, àti Hattie McDaniel. Òyìnbó ni àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Ní ti ẹnì karùn-ún, inú oko ẹrú ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pín àmì-ẹ̀yẹ yìí, wọn kò pe orúkọ òṣèré aláwọ̀ dúdú kankan sí i rí.

Iṣẹ́ tí Hattie ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wo eré Yorùbá. Gbogbo wa la mọ òṣèré tó jẹ́ pé bí ojú rẹ̀ bá ti yọ, a ó ní, “Ẹni yìí náà mà ni!” orúkọ rẹ̀ kò sì ní wá sí wa lẹ́nu. Òun ni ìyá ọkọ lónìí, òun ni alágbo lọ́la, òun ni ìyàwó ọlọ́pàá lọ́túnla. Wọn kì í ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sí pátákó ìpolówó. Síbẹ̀, yọ ọ́ kúrò nínú eré náà kí o wò ó bí eré náà kò bá ní tẹ́. Ní Hollywood ìgbà náà, bí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ bá tún wá jẹ́ obìnrin dúdú, ipa kan ṣoṣo ló wà fún un: ọmọ-ọ̀dọ̀. Fíìmù tí wọ́n ní Hattie yọjú nínú rẹ̀ lé ní 300. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kò ju bí 80 lọ.

Aago mẹ́jọ

Ní irú aago yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú ìlú náà ti wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò àwọn òyìnbó, wọ́n ti so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, wọ́n ti ń dín ẹyin fún ọmọ ọlọ́mọ. Hattie mọ iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà kọ ọ́ lójú.

Ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n ti bí i, àbígbẹ̀yìn ọmọ mẹ́tàlá. Henry, bàbá rẹ̀, jagun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ àwọn tó fòpin sí oko ẹrú, ó fara gbọgbẹ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìjọba fa owó ìfẹ̀yìntì tó yẹ kí wọ́n fún un láìjanpata. Susan, ìyá rẹ̀, a máa kọ orin ìsìn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Denver, Hattie ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ ọ́ ní ilé-ìwé, ó ń kọ ọ́ nílé, tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n ṣe sọ, ìyá rẹ̀ a máa fẹ́ fún un ní kọ́bọ̀ kó lè panu mọ́. Ní 1910 ó gba mẹ́dà wúrà níbi ìdíje kan tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó ń gbógun ti ọtí ṣe. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ó ti ń bá ẹgbẹ́ olórin George Morrison kiri, ó sì ti kọrin lórí rédíò ní Denver nígbà tí kò wọ́pọ̀ kí obìnrin dúdú dé ibẹ̀.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wá dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, eré sì dá. Ìlú Milwaukee ni iṣẹ́ bá a, ní ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sam Pick's Suburban Inn. Kì í ṣe iṣẹ́ orin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n fi í sí, kó máa na táwẹ̀lì sí àwọn oníbàárà. Ọ̀gá ibẹ̀ lọ́ra gan-an kó tó jẹ́ kó gorí pèpéle. Ìgbà tó gùn ún tán, kò padà sídìí táwẹ̀lì mọ́.

Ní 1931 ó gba Los Angeles lọ, níbi tí Sam àti Etta, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ti ń rí ipa pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ nínú fíìmù. Sam bá a wá àyè ní ilé rédíò KNX, wọ́n sì ń pè é ní Hi-Hat Hattie. Òkìkí rẹ̀ kàn. Owó ibẹ̀ kéré débi pé, pẹ̀lú òkìkí náà, ó ṣì ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ kó tó rí jẹ. Ẹ rò ó wò: ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ máa dún nínú rédíò ní pálọ̀ ibì kan, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú omi ọṣẹ ní kíṣìnnì ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ipa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó bá Mae West ṣeré ní 1933, ó bá Will Rogers kọrin nínú Judge Priest ní 1934, ó sì bá Paul Robeson ṣe Show Boat ní 1936. Nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni ọmọ-ọ̀dọ̀. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ó ń ta ìran rẹ̀ lọ́pọ̀, ìdáhùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ni pé kí lòun yóò máa ráhùn sí, nígbà tí òun lè gba ọgọ́rùn-ún méje dọ́là lọ́sẹ̀ láti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú eré, dípò dọ́là méje láti ṣe é ní tòótọ́. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ìṣirò ni.

Aago mọ́kànlá àárọ̀

Fíìmù tó gbé e dé ọjọ́ yìí ni Gone with the Wind, èyí tí David O. Selznick fi ìwé Margaret Mitchell ṣe. Mammy ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ-ọ̀dọ̀ inú rẹ̀, kò tilẹ̀ ní òmíràn. Òun ló tọ́ Scarlett O'Hara dàgbà. Gbogbo obìnrin dúdú tó ń ṣeré ní Hollywood ló fẹ́ ipa náà. Ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà pàápàá, Eleanor Roosevelt, kọ̀wé sí Selznick pé kó gbé ọmọ-ọ̀dọ̀ tirẹ̀ yẹ̀ wò. Hattie, wọ́n ní, kò bá wọn jà lórí ìwé. Aṣọ ọmọ-ọ̀dọ̀ gidi ló wọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò.

Àwọn tó bá ń rántí Mammy sábà máa ń rántí ibi tó ti ń fa okùn aṣọ tí wọ́n fi ń fún ìbàdí mọ́ Scarlett lára, tó ń bá a wí pé kó jẹun kó tó lọ sóde kí wọ́n má baà pè é ní alájẹkì. Ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran tó fún un ní Oscar, lójú tèmi, ni ti orí àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin Rhett Butler, ọkọ Scarlett, ti já lórí ẹṣin, ó ti kú. Rhett ti ti ara rẹ̀ àti òkú ọmọ mọ́ yàrá, kò jẹ́ kí wọ́n sin ín, nítorí ọmọ náà bẹ̀rù òkùnkùn nígbà tó wà láàyè. Melanie, ọ̀rẹ́ ìdílé náà, dé, Mammy sì ní láti mú un lọ sókè, kó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ wo ohun tí Hattie ṣe níbẹ̀. Kò dúró kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń gòkè, ó di igi àtẹ̀gùn mú, ẹsẹ̀ wúwo, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń nu ojú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin, tí iná jó ìlú odindi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ kan lórí àtẹ̀gùn ló wọni lára jù. Ta ni Melanie tó ń gun àtẹ̀gùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Olivia de Havilland ni, ẹni tí wọ́n jọ ń du àmì-ẹ̀yẹ kan náà lálẹ́ òní.

Mi ò ní fi ojú fo àbùkù fíìmù náà. Ó fi oko ẹrú hàn bí ibi tí ẹrú ti fẹ́ràn olówó rẹ̀ tí inú rẹ̀ sì dùn. Irọ́ ni, ọmọ ẹni tó jagun láti bọ́ lóko ẹrú sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó lè ṣe nínú irọ́ náà ni kó fún Mammy ní làákàyè tó ju ti gbogbo ará ilé lọ, ìyẹn ló sì ṣe.

Ọ̀sán gangan

Òtẹ́ẹ̀lì Ambassador, ní títì Wilshire, ni wọ́n ti fẹ́ ṣe àsè náà, nínú gbọ̀ngàn ijó tí wọ́n ń pè ní Cocoanut Grove. Igi ọ̀pẹ àtọwọ́dá kún inú rẹ̀, ọ̀bọ àtọwọ́dá ń rọ̀ lórí wọn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ya fíìmù Rudolph Valentino kan ni wọ́n ti kó àwọn igi náà wá. Ẹni tó bá ti ṣètò ìnáwó rí nílé wa mọ̀ pé ìjà tó ń ti ibi ìjókòó wá pọ̀ ju èyí tó ń ti ibi ẹran wá lọ. Ta ló sún mọ́ alága, ta ló jókòó sẹ́yìn òpó, ta ni wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Hollywood.

Ní ti Hattie, ọ̀rọ̀ náà ju ti òpó lọ. Òtẹ́ẹ̀lì yìí kì í gba aláwọ̀ dúdú lálejò. Selznick ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà pé kó wọlé. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò ní jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Tábìlì kékeré kan ni wọ́n gbé fún un lápá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: òun, ọkùnrin tó sìn ín wá, àti William Meiklejohn, òyìnbó tó ń ṣojú rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ibi tí Selznick àti Vivien Leigh, tó ṣe Scarlett, jókòó sí jìnnà síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń yin Selznick fún ẹ̀bẹ̀ yìí. Ó bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ fíìmù rẹ̀ nígbà mẹ́tàlá lálẹ́ ọjọ́ kan, tí àsè náà kò lè dùn láìsí i, ì bá sọ pé níbi tí mo bá jókòó ni Hattie yóò jókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ jẹ àsè yín ní ẹ̀yin nìkan. Kò sọ ọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Oṣù méjì ààbọ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1939, wọ́n ṣí fíìmù náà ní Atlanta. Gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Èèyàn tú jáde sí títì láti wo Clark Gable, tó ṣe Rhett, àti Vivien Leigh. Wọn kò pe Hattie, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ Georgia kò ní jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó láàárín òyìnbó nínú ilé sinimá náà. Àwòrán rẹ̀ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n pín ní gúúsù. Gable fárígá pé bí Hattie kò bá lọ, òun náà kò ní lọ. Hattie ló pẹ̀tù sí i lọ́kàn tó fi lọ.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, níbi ijó àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ṣe ní Atlanta kan náà, wọ́n mú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer wá láti kọrin fún àwọn òyìnbó, nínú aṣọ ẹrú. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ náà wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Martin Luther King ni.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́

Oòrùn ti wọ̀. Aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ń dán bí omi òkun ni Hattie wọ̀ fún alẹ́ náà, òkúta dídán wà lára rẹ̀, ó sì fi òdòdó gardenia funfun sí irun. Ó sanra, ó dúdú, ó sì mọ̀ pé gbogbo ojú ni yóò wà lára òun bí òun bá ti wọlé. Kò wọ aṣọ ẹni tó fẹ́ fara pamọ́.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń bá a fà á. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: àwọn kan ń gbé e gẹ̀gẹ̀, àwọn kan ń sọ pé Mammy ń so ẹ̀wọ̀n àtijọ́ padà mọ́ wọn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú tó ti kàwé, Sigma Gamma Rho, ní tiwọn, kọ̀wé sí Selznick láti gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ọmọ Èkó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ irú ìyà yìí. Orlando Martins ni. Ó bá Paul Robeson ṣe Sanders of the River ní 1935, ọdún kan kí Robeson tó bá Hattie ṣe Show Boat. Ipa olóyè abúlé, jagunjagun àti ìránṣẹ́ ni wọ́n ń kó fún un. Ó ní ohùn tó jinlẹ̀, ó ga, ojú rẹ̀ sì kún kámẹ́rà, síbẹ̀ olú-òṣèré kò kàn án. Nígbà tí wọ́n ya The Hasty Heart ní 1949, òun ni Blossom, aláìsàn ará Áfíríkà tí kò gbọ́ èdè ẹnì kankan ní wọ́ọ̀dù. Ronald Reagan tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà wà nínú eré náà. Hattie ní Hollywood, Martins ní Lọ́ńdọ̀nù: ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún àwọn méjèèjì kò gbòòrò ju ara wọn lọ. Martins padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1985. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Àṣà tó wà nígbà náà ni pé ẹgbẹ́ Academy, tó ń pín Oscar, máa ń fún àwọn ilé ìwé ìròyìn ní orúkọ àwọn tó borí ṣáájú, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di aago mọ́kànlá alẹ́. Lálẹ́ yìí, Los Angeles Times da àdéhùn. Ẹ̀dà ìrọ̀lẹ́ wọn jáde, orúkọ gbogbo wà níbẹ̀ gbagada. Àwọn àlejò tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà ra ìwé ìròyìn, wọ́n sì ti mọ ẹni tó jẹ àti ẹni tó pàdánù kí wọ́n tó jókòó sídìí àwo. Clark Gable mọ̀ pé Robert Donat ti gba àmì-ẹ̀yẹ olú-òṣèré tí òun ń dù. Olivia de Havilland mọ̀. Inú bí Academy gidigidi. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń fi àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ṣe é.

Nítorí náà, nígbà tí Hattie wọ Cocoanut Grove tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síbi tábìlì rẹ̀, àwọn tó ń wò ó ti mọ̀ pé ẹni tó borí ni. Wọn kò tìtorí ìyẹn sún tábìlì náà.

Kí ọjọ́ náà tó parí

Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Bob Hope ló ń darí ètò, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nídìí Oscar, ó sì ń fi Selznick ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ẹni pé ìnáwó tirẹ̀ ni gbogbo wọn wá jẹ. Àwàdà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ọmọ inú fíìmù kan náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fay Bainter ló gòkè láti pe àmì-ẹ̀yẹ obìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ló gbà á lọ́dún tó kọjá, nítorí náà òun ló kàn láti gbé e fún ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti lè gba ọlá láìka ẹ̀yà àti àwọ̀ sí, ó sì wá pe Hattie McDaniel.

Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri dé pèpéle, ọ̀nà náà jìn. Ó gba àárín àwọn tábìlì kọjá, àtẹ́wọ́ ń ró tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tó sọ kúrú, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Academy, ó ní ọ̀kan nínú ọjọ́ ayọ̀ tó ga jù láyé òun nìyí, ó ní òun yóò gbà á bí iná tí yóò máa tọ́ òun sọ́nà nídìí ohunkóhun tí òun bá tún ṣe. Ó gbàdúrà pé kí òun jẹ́ ohun ìyangàn fún ìran òun àti fún iṣẹ́ fíìmù títí lọ. Omijé ti gba ojú rẹ̀, ó ní ọkàn òun kún jù láti sọ bí ó ṣe rí lára òun. Ó dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó padà lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

De Havilland, ní tirẹ̀, kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n ní ó sáré wọ kíṣìnnì òtẹ́ẹ̀lì náà lọ sunkún, ìyàwó Selznick ló sì tẹ̀ lé e lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀ padà sọ pé nígbà tí ojú òun wálẹ̀, òun rí i pé ẹni tó tọ́ sí ló gbà á. Inú mi dùn sí obìnrin náà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ-ọ̀dọ̀ wà lórí pèpéle, ìyá ilé sì wà ní kíṣìnnì. Kò sí òǹkọ̀wé eré tó máa kọ irú èyí tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní ní kó yọ ọ́ pé ó ti pọ̀ jù.

Ohun tí Hattie gbé lọ́wọ́ kì í ṣe ère wúrà tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú àwọn òṣèré ìgbà náà, olú-òṣèré nìkan ló ń gba ère. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan ni wọ́n ń fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Òyìnbó tó bá gbà á náà, pátákó ni. Thomas Mitchell, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin, gba irú rẹ̀ lálẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́

Ó ti di ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà. Ní Èkó, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ti lù. Gone with the Wind ti gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́jọ, yàtọ̀ sí ẹ̀bùn àkànṣe.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí òṣèré lẹ́yìn irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ìwé eré máa wọlé láti ọ̀tún láti òsì. Wọ́n wọlé lóòótọ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ló kún inú wọn. Selznick mú un kiri ilé sinimá kó máa ṣe Mammy lójú agbo. Nígbà ogun, òun ló ṣáájú ìgbìmọ̀ àwọn òṣèré dúdú tó ń dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Walter White, olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, dé Hollywood ní 1942, ó ń bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fíìmù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yé fi aláwọ̀ dúdú ṣe ìránṣẹ́ nìkan. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò bá àwọn tó ń ṣe ìránṣẹ́ náà jókòó kó tó gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, Hattie kò sì gbà fún un. Àárín wọn kò gún mọ́.

Ìjà kan wà tó jà tó sì borí. Ó ti ra ilé ńlá kan ládùúgbò West Adams, apá ibi tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Àwọn aládùúgbò òyìnbó kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn tó rà síbẹ̀, wọ́n ní ìwé ilẹ̀ kò gbà kí aláwọ̀ dúdú gbé ibẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1945, adájọ́ Thurmond Clarke da ẹjọ́ náà nù, Hattie sì dúró sínú ilé rẹ̀. Ní 1948 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà wá sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ bá wọn mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́.

Ní 1947, ó gba ipa Beulah lórí rédíò, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ètò rédíò odindi rọ̀ mọ́ lọ́rùn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni Beulah náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Hattie kò gbà kí wọ́n fi èdè àbùkù sí i lẹ́nu. Nígbà tí eré náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pè é ní 1951 láti wá ṣe é. Apá mẹ́fà péré ló ṣe kí àìsàn tó dá a dúró. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1952. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé itẹ́ òkú Hollywood ni kí wọ́n sin òun sí, láàárín àwọn òṣèré ẹgbẹ́ òun. Wọn kì í sin aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Rosedale ni wọ́n sin ín sí. Ní 1999 ni itẹ́ Hollywood gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un.

Aláwọ̀ dúdú mìíràn kò gba Oscar ìdíje nídìí eré ṣíṣe títí Sidney Poitier fi gbà á ní 1964. Obìnrin dúdú kejì tó gba irú ti Hattie ni Whoopi Goldberg, ní 1991. Nígbà tí Mo'Nique gba tirẹ̀ ní 2010, aṣọ búlúù ló wọ̀, òdòdó gardenia sì wà nínú irun rẹ̀. Wọ́n ti wó òtẹ́ẹ̀lì Ambassador. Ilé-ìwé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Hattie fi pátákó rẹ̀ sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard ní Washington nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wá a tì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, ẹgbẹ́ Academy mú òmíràn wá fún Howard ní gbọ̀ngàn eré Ira Aldridge. Èyí tó gbé lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọn kò tíì rí i.